“Gbale” Tí Kò Lámì Lórí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọlá ṣe ń wúwo, kó lọ wo Honorébù Ọláníran Gbọ́njúbọ́lá nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù. Fàtáì awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, tí yóò ṣílẹ̀kùn. Sàníù akọ̀wé yóò bá wọn di fìlà mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò jáde, yóò dúró díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí bàtà. Ẹsẹ̀ òsì yóò tẹ̀ lé e. Ikùn yóò wá jáde bí àlejò pàtàkì, lẹ́yìn náà ni Honorébù fúnra wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Mo ti kà á rí.

Àwọn ni kánsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti eré ìdárayá ní ìlú Olóbì, ìlú kékeré kan láàárín Akínyẹlé àti Ìjàyè. N kò ní dárúkọ káńsù wọn, torí mo ṣì ń gba iwájú ibẹ̀ lọ sóko.

Ilé Honorébù àti ọ́fíìsì wọn kọjú síra. Títì kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Bí èèyàn bá sín nílé, àwọn tó wà lọ́fíìsì á kí i pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, láràárọ̀, Honorébù á wọ jíìpù, Fàtáì á wà wọ́n dé oríta, á yí padà níwájú ilé epo, á tún wà wọ́n bọ̀. Ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi jẹ́ baba eré ìdárayá, bàtà wọn kò kan títì náà rí.

Wọn kò sì fẹ́ràn àmì ohùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, torí òun ló padà gbé wọn ṣubú. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n dépò ni pé kò sí lẹ́tà Yorùbá kankan tó gbọdọ̀ jáde ní ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú àmì, ìbáà ṣe ti òkè, ìbáà ṣe ti ìsàlẹ̀. “Kí ni gbogbo ìgbẹ́ eṣinṣin tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí?” ni wọ́n wí. “Ẹni tó bá mọ̀wé á mọ ohun tó ń kà. Ṣé ẹnìkan ní láti fọwọ́ tọ́ ọ sí èmi Gbọ́njúbọ́lá ni?” Sàníù pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé láti ìgbà tí wọ́n ti dá A B D sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń da Honorébù láàmú. Wọ́n fẹ́ du ipò alága, ṣùgbọ́n Baba Akíntáyọ̀, olórí àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kò tíì rí ọ̀dọ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn kánsẹ́lọ̀ ọ̀dọ́.

Ní Olóbì yìí kan náà, nínú ilé kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà tí kì í dìde lórí ibùsùn. Ànúolúwapọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ìgboro Ìbàdàn lòun àti ìyá rẹ̀ ń gbé kí ìyá náà tó kú, tí ìyá àgbà rẹ̀, Màmá Títíladé, fi lọ mú un wá sílé. Oṣù mẹ́rin ni Ànú fi kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá gbóúnjẹ fún un, á fi ṣíbí rò ó kiri. Bó bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, á ti rẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kò sí àìsàn lára rẹ̀ tí òun lè fún lábẹ́rẹ́. Ó ní kó máa rìn, kó máa rí oòrùn. Rírìn náà gan-an ni kò ṣeé ṣe.

Nígbà tó yá ni Sanmí, ọmọ ilé kejì, wá bá a fi eré kan sórí fóònù. Eré náà ní orúkọ òyìnbó gígùn kan, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Olóbì sọ ọ́ ní Gbalẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa fi rìn yí ilẹ̀ kan po, fóònù lára rẹ. Tó o bá yí i tán, tó o padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o gbé ojú fóònù sí ilẹ̀ náà. Koríko gidi lò ń wò, ewúrẹ́ gidi lò ń wò, àmọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé kan á ti jókòó sáàárín wọn, á máa ju ìrù, á gbé àsíá tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀ dání. Ilẹ̀ náà ti di tìẹ nìyẹn, títí ẹlòmíràn á fi rìn yí i po gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀kadà kò wọ̀ ọ́ o. Eré náà mọ ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí táyà.

Ilé ìyá àgbà rẹ̀ ni Ànú kọ́kọ́ gbà. Ìṣísẹ̀ ọgọ́ta péré ni, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì Sanmí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, inú bí i, ó dìde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: inú bí i. Ọmọ tí kò bínú, tí kò rẹ́rìn-ín, fún oṣù mẹ́rin gbáko! Màmá Títíladé kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé inú ń bí ọmọ àwọn.

Kí oṣù méjì tó pé, Ànú ti gba ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gba ọjà, ó ti gba gbogbo oko ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́nà odò. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó lọ́rẹ̀ẹ́ méje. N kò ní purọ́ fún yín pé eré náà kò ní àléébù, torí fóònù kì í bá èèyàn wo ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn já sí gọ́tà, Sanmí sì tẹ ebè iṣu Baba Ẹkúndayọ̀ fọ́, wọ́n fi odidi ọjọ́ kan mú un kọ òmíràn. Màmá Títíladé bá ṣòfin mẹ́ta fún wọn: kò sí eré lójú títì, kò sí eré lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ oko olóko, kó kọ́kọ́ kí olóko. Ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tí wọn kò rí gbà: ọgbà Honorébù. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ fẹ̀yìn ti àbàtà. Kò sí bí ẹsẹ̀ ṣe lè yí i po, àfi kí èèyàn gba inú ọgbà kọjá.

Lọ́jọ́ kan Honorébù ń bọ̀ láti ilé sí ọ́fíìsì, ìyẹn ni pé wọ́n wà níwájú ilé epo, nígbà tí wọ́n rí àwọn ọmọ méjìlá tí wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, tí ojú wọn wà nínú fóònù. Àwọn ọmọ náà kò kí jíìpù. Bó ṣe rí nìyẹn o. Gbogbo ohun tí ẹ máa gbọ́ nípa ìlera àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn èyí, orí àìkí jíìpù ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe ìlú jọ lọ́jọ́ kejì.

“Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Olóbì, ògo ọ̀la, ògo ọ̀túnla, àti ògo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e!” Báyìí ni Honorébù ṣe bẹ̀rẹ̀. “Èmi Gbọ́njúbọ́lá, ẹni tí ọlá bá nílé, tí kò fẹsẹ̀ wá a kiri, mo rí ewu! Fóònù ti sọ yín dọ̀lẹ! Àtàárọ̀ dalẹ́ lẹ fi ń rìn kiri, ẹ ò wá ráyè ṣe eré ìdárayá mọ́! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bó bá di gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí gbogbo ọ̀dọ́ wá jókòó ní gbọ̀ngàn káńsù fún wákàtí mẹ́ta, èmi náà á jókòó, màá sì ṣàlàyé fún wọn bí ìrìn ṣe dára tó!”

“Ọgbọ́n ń pa yín lára, sà!” ni Sàníù ké.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gba fóònù márùn-ún, wọ́n tì í mọ́ inú dúróò Honorébù. Ti Ànú wà níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ànú kọjú sí ògiri.

Màmá Títíladé lọ sí ọ́fíìsì. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì; Yorùbá ni wọ́n sì fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ló kọ́ Honorébù gan-an ní pírámárì fáìfù, nígbà tí kò tíì sí jíìpù.

“Honorébù, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.”

“Háà, tíṣà mi! Ẹ jókòó, Màmá. Sàníù, fún Màmá lómi tútù.”

“Mi ò mu omi. Ọláníran, ọmọ mi ti padà sórí ibùsùn. Eré yẹn ló gbé e dìde. Bá mi dá fóònù rẹ̀ padà.”

Honorébù wo òkè àjà bí ẹni pé gbogbo orílẹ̀-èdè ń wò wọ́n láti ibẹ̀. “Màmá, òfin lòfin. Ẹ jẹ́ kó máa wá gbọ́ àlàyé lórí ìrìn ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Kò lè dìde ni mo wí.”

“Ìdí tí mo fi to àga síbẹ̀ náà nìyẹn, Màmá.”

Màmá Títíladé dìde. Wọ́n rí ìwé òfin tuntun lára ògiri, àkọlé rẹ̀ ní OFIN TITUN, kò sí àmì kan lórí rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọ́n ní lọ́nà, omi ń bọ́ lójú àwọn, àwọn kò sì mọ̀ bóyá torí Ànú ni tàbí torí ìwé yẹn. Èmi rò pé torí Ànú ni.

Àwọn ọmọ tí wọn kò gba fóònù lọ́wọ́ wọn kò dẹ́kun. Sanmí ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, eré náà yóò pa gbogbo ilẹ̀ rẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá gba ọgbà Honorébù lọ́jọ́ Sátidé, ó di ọdún mìíràn. Ó ní kí wọ́n lọ bẹ Honorébù, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gba inú ọgbà wọn kọjá. Ló bá kọ ọ́ sí wasáàpù wọn, bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe ń kọ̀wé:

SATIDE, AAGO MEWAA AARO, GBOGBO WA A LO GBALE HONOREBU. KI ENIKENI MA SE GBEYIN.

Àbúrò Sàníù wà nínú wasáàpù náà. Kò tó wákàtí kan tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ọ́fíìsì. Honorébù gba fóònù, wọ́n kà á, ojú wọn ń dán.

“Sàníù! Wọ́n fẹ́ wá gbálẹ̀ mi!”

“Wọ́n fẹ́ wá gbálẹ̀ yín ni, sà! Gbogbo wọn! Òfin yín ti wọ̀ wọ́n lára!”

“Tún un kà.”

Ìgbà mọ́kànlá ni Sàníù tún un kà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ èèyàn mọ́ àti kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Honorébù sì ti lé àmì kúrò nílùú. Lójú ẹsẹ̀ wọ́n ránṣẹ́ sí Baba Akíntáyọ̀ àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe fẹ́ràn àwọn tó. Wọ́n ra igba ìgbálẹ̀. Wọ́n háyà kánópì mẹ́ta.

Nígbà tí olùkéde kọjá níwájú ilé Màmá Títíladé, tó ń ké pé Honorébù dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wá gbálẹ̀, Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Sanmí ti kọ́kọ́ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n mú bírò. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ìyá yìí o: ẹni tó ti fi rúlà na ìka ọmọ ẹgbẹ̀rún nítorí àmì ohùn jókòó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà tí kò lámì kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

Honorebu, omo omo mi naa fe wa gbale yin ni Satide. E jowo, e da foonu re pada, nitori ko le se ise naa laisi foonu. Emi ni tisa yin.

Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ tún un kà.

Honorébù kà á, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú wọn. “Wọ́n fẹ́ fi fóònù yà mí ní fọ́tò bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀,” ni wọ́n wí. Wọ́n dá fóònù márààrún padà, wọ́n sì fi ìdajì wákàtí sọ̀rọ̀ lórí àánú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ànú dìde jókòó. Ó béèrè oúnjẹ.

Ọjọ́ Sátidé pé. Baba Akíntáyọ̀ jókòó lábẹ́ kánópì pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́fà. Igba ìgbálẹ̀ wà lẹ́nu géètì, wọ́n fi ríbọ́nù so ó. Honorébù ti pàṣẹ pé kí Fàtáì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọgbà, títí kan géètì ẹ̀yìn, kí àwọn agbálẹ̀ lè dé ibi gbogbo.

Aago mẹ́wàá lù, àwọn ọ̀dọ́ bí ogójì dé. Ànú ló wà níwájú, gèlè kékeré lórí. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí àwọn àgbà.

“Ẹ ṣé o, ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀!” ni Honorébù wí.

Ẹnu ya Sanmí pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọjá lára ìgbálẹ̀, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Wọn ò mú ìgbálẹ̀,” ni Baba Akíntáyọ̀ wí.

“Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ibi tó dọ̀tí ni, Baba,” ni Sàníù dáhùn. “Ìgbálẹ̀ ìgbàlódé ni.”

Honorébù gba makirofóònù. “Ẹ wo ìfẹ́, ẹ̀yin àgbà wa! Ṣé mo bẹ̀ wọ́n ni? Ṣé mo fún wọn ní ìrẹsì ni? Bí ọ̀dọ́ bá ń gbálẹ̀ èèyàn lónìí, ìbò lọ̀la ni wọ́n ń gbá jọ fún un!” Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n ti dé orí bí ọjọ́ ìbí wọn ṣe bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nígbà tí ariwo sọ lẹ́yìn ilé.

“A ti gbalẹ̀ Honorébù! A ti gbalẹ̀ Honorébù o!”

Èèyàn lè fi àmì sílẹ̀ nínú ìwé. Kò ṣeé fi sílẹ̀ lẹ́nu. Gbogbo etí tó wà lábẹ́ kánópì ló gbọ́ pé gbalẹ̀ ni wọ́n wí, kì í ṣe gbálẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún ẹni tó nílẹ̀ ní agbègbè wa. “Ọmọ onílẹ̀!” ni àgbà kan ké, ó ti wà lábẹ́ tábìlì kó tó pè é tán.

“Ilẹ̀ mi! Wọ́n gba ilẹ̀ mi!” ni Honorébù ń pariwo. “Fàtáì, gbé mọ́tò, ká lọ sẹ́yìn ilé!”

“Kánópì ti dí i lójú, sà.”

Báyìí ni baba eré ìdárayá ṣe fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí wọ́n rin ogójì ìṣísẹ̀, wọ́n di èjìká Sàníù mú. Nígbà tó pé àádọ́rùn-ún, wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń mí gulegule. Baba Akíntáyọ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lójoojúmọ́, ti dé ẹ̀yìn ilé, wọ́n ti di ọ̀pá mú.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ilẹ̀ ta lẹ gbà?”

Ànú kúnlẹ̀, ó na fóònù sí wọn. “Eré ni, Baba. Ẹ wò ó.”

Baba wò ó. Ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé kan jókòó láàárín àwọn ewúrẹ́ Honorébù, ó ń ju ìrù. Lábẹ́ rẹ̀ ni eré náà kọ orúkọ tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń jẹ́ nínú máàpù: Pápá Ìṣeré Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Olóbì. Baba gbé ojú kúrò lórí fóònù. Ní ọ̀ọ́kán gan-an, irin gòólù kan dúró láàárín koríko. Agbádá Honorébù mẹ́ta ni wọ́n sá sórí rẹ̀.

Baba padà wá bá Honorébù lórí búlọ́ọ̀kù, wọn kò sì pariwo. “Ọláníran, ṣé inú ọgbà kánsẹ́lọ̀ eré ìdárayá ni pápá ìṣeré àwọn ọmọ wà?”

“Mo... mo ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni, Baba. Kí wọ́n má baà... máa ṣeré bà á jẹ́.”

“Àwọn ọmọ fi fóònù gbalẹ̀, ìwọ fi búlọ́ọ̀kù gbà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Baba yí padà, wọ́n lọ.

Ẹ ó rí i pé láti ibí yìí lọ, n kò ní pe Honorébù ní “wọ́n” mọ́. Baba Akíntáyọ̀ ti pè é ní “ìwọ”, èmi ta ni?

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ tẹ̀ lé Baba. Sàníù náà rántí pé òun ní ibì kan láti dé. A rí i tó ń gbé àga Baba sínú ọkọ̀, tó ń sọ pé òun kò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀pá dì mú bẹ́ẹ̀ rí. Ọláníran nìkan ló kù lórí búlọ́ọ̀kù, kò lè dìde. Ànú padà wá bá a.

“Ẹ rọra dìde, sà. Ẹ má sáré mí. Ọgọ́ta ìṣísẹ̀ lèmi náà kọ́kọ́ rìn, mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó di apá rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ẹnu ilé. Ọláníran sinmi lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó ní, “O ṣé, ọmọ mi,” kò sì fi nǹkan mìíràn kún un. Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù lọ tó tíì sọ láyé rẹ̀ nìyẹn, òun nìkan ni mo sì gbà gbọ́.

Ẹlòmíràn ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ fún ipò alága. Wọ́n wó ògiri ẹ̀yìn, wọ́n sì dá pápá padà fún àwọn ọmọ. Òfin fóònù, kò sẹ́ni tó pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Baba Akíntáyọ̀ ní kí Ọláníran kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Olóbì, kí Màmá Títíladé sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá fi bírò pupa dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n wá àṣìṣe títí, wọn kò rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Mo gbalẹ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wá máa gbálẹ̀ yín.

Igba ìgbálẹ̀ kúkú wà nílẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, Ọláníran á fẹsẹ̀ rìn lọ, á gbá etí pápá náà láti igun dé igun. Lọ́jọ́ kan Ànú ń kọjá, ó kí i. “Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Ó gbé fóònù sókè kó wo ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ̀ láàárín pápá, bó ṣe máa ń ṣe. Ọláníran fa ìgbálẹ̀ dé igun tó ti bẹ̀rẹ̀, ó nà ró, ó fọwọ́ tẹ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nǹkan kan ń dún níbẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ Ànú pòórá. Òmíràn jókòó sí àyè rẹ̀, àsíá tuntun lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: Ọláníran.

“Háà, sà!” ni Ànú ké.

Inú bí i. Ó so okùn bàtà rẹ̀ le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.